Àròkọ Oníṣípayá: Ipa tí Ilẹ̀ àti Ìpinnu Àwọn Aláṣẹ ń Kó nínú Ìgbéga àti Ìṣubú Ìlú

A. Ohun tí irú àròkọ yìí ń béèrè

Nínú àròkọ asọ̀tàn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni a ń sọ. Nínú àròkọ oníṣípayá, a kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Ìdí tí nǹkan náà fi ṣẹlẹ̀ ni a ní láti tú síta kí ó yé ẹni tí ń kà á yékéyéké. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pàdánù máàkì lórí ìbéèrè tí wọ́n mọ ìdáhùn rẹ̀ dáradára.

Jẹ́ kí a wo irú ìbéèrè kan tí ó lè wá nínú ìdánwò:

Kọ àròkọ lórí ipa tí ilẹ̀ tí a tẹ ìlú dó sí àti ìpinnu àwọn aláṣẹ ń kó nínú ìgbéga àti ìṣubú ìlú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè kọ ọ́ báyìí: "Ní ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn. Omi gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àmúwá Ọlọ́run ni." Kò sí àṣìṣe nínú gírámà gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí nǹkan kan payá. Òjò náà kò yan ilé rọ̀ sí. Bí ó ti rọ̀ sí orí òkè Màpó ni ó rọ̀ sí etí odò Ògùnpa. Èé ṣe tí ti ẹni tí ń gbé etí odò fi burú ju ti ẹni tí ń gbé orí òkè lọ? Ta ni ó gbà kí a kọ́lé síbẹ̀? Ènìyàn lè gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run ni òjò wà, kí ó sì tún béèrè ọwọ́ ẹni tí ilẹ̀ tí a kọ́lé sí wà. Ibi tí ìbéèrè yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àròkọ rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí o tó fi kálàmù lé ìwé, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan tí o bá fẹ́ lò:

(i) Kí ni ilẹ̀ ibẹ̀ fún àwọn ènìyàn, kí ni ó sì fi dù wọ́n?
(ii) Ta ni ó ṣe ìpinnu, kí sì ni ìpinnu náà?
(iii) Bí a bá ti ṣe ìpinnu mìíràn, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀?

Bí o kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi àpẹẹrẹ náà sílẹ̀, kí o sì wá òmíràn.

B. Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: ilẹ̀ àti ìpinnu, ọ̀kan kò tó láìsí èkejì.
2. Ọ̀yọ́-Ilé: bí ọ̀dàn ṣe gbé ìjọba ga, àti bí ọ̀dàn kan náà ṣe ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá.
3. Ojú irin àti ilé-iṣẹ́: Òṣogbo, Ewékorò àti Ìkẹjà.
4. Omíyalé Ògùnpa: ìkìlọ̀ tí a kò kọbi ara sí.
5. Ìgúnlẹ̀: ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwòkọ́ṣe tí ó tẹ̀lé e yìí gùn ju èyí tí a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ. A mú un gùn kí o lè rí bí a ṣe ń lo ìlànà kan náà fún ọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, méjì péré tó fún ọ.

D. Àwòkọ́ṣe àròkọ

Àgbẹ̀ méjì lè wà ní abúlé kan. Ilẹ̀ kan náà ni baba wọn pín fún wọn, òjò kan náà ni ó sì ń rọ̀ sí oko àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí ọ̀kan ti ń kórè ni èkejì ń tọrọ iṣu jẹ. Bí ọ̀ràn ìlú ṣe rí gan-an nìyí. Ilẹ̀ ni ó ń gbé ohun èlò kalẹ̀, àwọn aláṣẹ ni ó sì ń pinnu ohun tí a ó fi í ṣe. N ó fi ìjọba Ọ̀yọ́-Ilé, ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àti omíyalé Ìbàdàn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí.

Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ní apá àríwá tí kò jìnnà sí Odò Ọya. Nínú igbó kìjikìji, eṣinṣin kan ń bẹ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì ń kó àìsàn tí ń pa ẹṣin ràn wọ́n. Eṣinṣin yìí kò pọ̀ ní ọ̀dàn bí ó ti pọ̀ nínú igbó, igi ibẹ̀ kò sì dí tó láti dá ẹlẹ́ṣin dúró. Àwọn Aláàfin rí àǹfààní yìí, wọ́n sì pinnu láti máa ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ará òkè ọya, kí wọ́n sì fi kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin jọ. Ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ọ̀dàn náà nà títí ó fi súnmọ́ etí òkun. Ìdí nìyí tí agbára Ọ̀yọ́ fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Dàhọ̀mì, tí wọ́n sì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó àti òkè àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ẹṣin kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Ọ̀yọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá tó láti mú ìjọba dúró, Ọ̀yọ́-Ilé kì bá tí tú, nítorí ọ̀dàn náà kò ṣí kúrò níbi tí ó wà. Ìpinnu àwọn aláṣẹ ni ó yí padà. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sílẹ̀, Aláàfin Awólẹ̀ rán ogun sí Apòmù, ìlú ọjà tí ó wà ní ilẹ̀ Ifẹ̀, nítorí ìbínú ti ara rẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1796, wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, èyí tí í ṣe àmì pé wọ́n kọ̀ ọ́ lọ́ba, ó sì kú. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin, kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́. Láti lè dá dúró, ó pe Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí kan tí ó jẹ́ Fúlàní, mọ́ra. Ní nǹkan bí ọdún 1817, àwọn ẹrú tí ó jẹ́ Haúsá, tí àwọn kan nínú wọn ń tọ́jú ẹṣin fún àwọn ọlọ́lá Ọ̀yọ́, sá tọ Àfọ̀njá lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tí ó kó jọ yìí ni ó pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, Ìlọrin sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ Àlímì.

Nígbà náà ni ilẹ̀ tí ó gbe Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀ di ilẹ̀ tí ó gbe ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ń gbà jáde lọ jagun ni ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń gbà wọlé, kò sì sí igbó tí yóò dá wọn dúró. Ní nǹkan bí ọdún 1835, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sí ojú ogun, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro. Àtìbà tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ṣe ìpinnu tí ó fi hàn pé ó mọ ohun tí ilẹ̀ ń sọ. Kò padà sí àríwá. Ó gbé olú ìlú rẹ̀ wá sí Àgọ́ Ọjà, ìyẹn Ọ̀yọ́ òní, ní etí igbó, ó sì fi ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ lé Ìbàdàn àti Ìjàyè lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí.

Bí ó ti rí nínú ọ̀ràn ogun náà ni ó rí nínú ọ̀ràn iṣẹ́. Ní ọdún 1896, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró ni àwọn oníṣòwò ń rọ́ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni kòkó àti ẹ̀pà ti rọrùn láti kó lọ sí etí òkun. Òṣogbo di ìlú ọjà ńlá. Iléṣà kò jìnnà sí Òṣogbo, ilẹ̀ rẹ̀ sì dára fún kòkó, ṣùgbọ́n ojú irin kò gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe pé ilẹ̀ Iléṣà kò dára. Ẹni tí ó fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀ ni kò fà á gba ibẹ̀.

Ilẹ̀ kan lè ní ọrọ̀ nínú kí ó má sì rí lò, títí ẹnì kan yóò fi pinnu láti wa ọrọ̀ náà jáde. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ti wà ní Ewékorò. Ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Òkúta wà nítòsí, ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta wà nítòsí, Èkó tí ń kọ́lé lójoojúmọ́ kò sì jìnnà. Ilẹ̀ àti ìpinnu bá ara wọn mu. Ìkẹjà náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́, nítorí pé ó súnmọ́ èbúté Èkó, ó sì wà lábẹ́ àṣẹ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, wọ́n sì fi Ìkẹjà sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé-iṣẹ́ kan kò ṣí kúrò níbi tí ó wà, síbẹ̀ ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò tó èrè wọn mọ́.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ tí ń rọ irin sílẹ̀ ní Òṣogbo, Jos àti Katsina. Wọ́n pín wọn yíká kí apá ibi púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lè jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti ń yọ́ irin tútù ní Òṣogbo. Aládjà, lẹ́bàá Warri, ni irin tí wọn yóò máa rọ ní láti ti wá, kò sì sí ojú irin láti Aládjà dé Òṣogbo. Nígbà tí irin kò wá déédéé mọ́, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Èrò rere ni kí á pín iṣẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gba àwáwí.

Èyí tí ó dunni jù lọ ni ọ̀ràn Ògùnpa. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Omi òjò tí ó bá rọ̀ sórí òkè, inú àfonífojì ni ó ń sàn wọ̀, Ògùnpa sì ni ó ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ kọjá láàárín ìlú. Nígbà tí ojú irin dé, òwò pọ̀ ní agbègbè Dùgbẹ̀ àti Gbági, nítòsí àfonífojì yìí, àwọn ènìyàn sì ń wá ibi gbé nítòsí iṣẹ́ wọn. Ilé kún etí odò. Páànù orí ilé àti títì ọlọ́dà kò jẹ́ kí ilẹ̀ mu omi mọ́. Ilẹ̀ tí a kò ṣètò kíkó rẹ̀ dáradára di ohun tí a ń dà sínú odò, ojú odò sì ń há sí i.

Odò náà kò ṣàì kìlọ̀. Ó kún ní ọdún 1960, ó kún ní ọdún 1963, ó sì tún kún ní ọdún 1978. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan, omi á fà, àwọn ènìyàn á tún ilé wọn ṣe sí ojú ibi tí omi ti gbé e lọ, ìjọba kò sì mú òfin etí odò ṣẹ tó bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òkú tí a rí kó ju 200 lọ, àwọn tí kò sì nílé lórí mọ́ ju 50,000 lọ. Ìgbà náà ni ìjọba tó fi tọkàntọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré ṣe ojú odò náà, iṣẹ́ náà sì dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, fún ọdún púpọ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn odò mìíràn bí Ọ̀nà àti Ogbèrè wà lára àwọn tí ó kún. Afárá wó, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó kú. Ní ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti yá fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Ó dára pé owó dé, ṣùgbọ́n owó kò lè jí òkú.

Láti parí ọ̀rọ̀ mi, mo ti fi hàn pé ilẹ̀ ni ó mú ẹṣin wúlò fún Ọ̀yọ́, pé ìjà àwọn aláṣẹ ni ó sì fi ẹṣin lé ọ̀tá wọn lọ́wọ́. Mo ti fi hàn pé òkúta Ewékorò kò di sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, pé ìpinnu tí kò wo ilẹ̀ kò sì lè mú kí irin máa wá sí Òṣogbo. Ní ti Ògùnpa, òjò kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ibi tí a ń kọ́lé sí wà lábẹ́ àṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àkóso ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi rẹ̀ ń sàn gbà.

E. Àkíyèsí lórí àwòkọ́ṣe yìí

1. Wo ìpínrọ̀ kìíní. Ohun tí a mọ̀ nílé ni òǹkọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi sọ ohun tí yóò ṣàlàyé. Má ṣe fi ààbọ̀ ojú ìwé kí olùyẹ̀wò kí o tó wọnú ọ̀rọ̀.

2. Ka ìpínrọ̀ kẹrin lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀ kan náà ni ó gbe Ọ̀yọ́ tí ó sì tún gbe ọ̀tá rẹ̀. Bí o bá lè fi irú nǹkan báyìí hàn, olùyẹ̀wò yóò mọ̀ pé o ronú, pé kì í ṣe pé o kàn há a sórí.

3. Ṣàkíyèsí bí a ṣe fi ìpínrọ̀ kan so mọ́ èkejì: "Nígbà náà ni...", "Bí ó ti rí nínú ọ̀ràn ogun náà ni...". Tún wo ibi tí a ti lo "ìdí nìyí", "nítorí pé" àti "kì bá tí". Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni eegun ẹ̀yìn àròkọ oníṣípayá. Bí o bá ka àròkọ rẹ tán tí o kò rí wọn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìtàn lásán ni o kọ.

4. Òwe méjì péré ni ó wà nínú àwòkọ́ṣe yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Yọ "Ogun àwítẹ́lẹ̀" kúrò, ìwọ yóò rí i pé ìpínrọ̀ náà pàdánù nǹkan. Òwe tí a lè yọ kúrò láìpàdánù ohunkóhun kò yẹ níbẹ̀.

5. Níbi tí ọdún kò ti dá òǹkọ̀wé lójú tán, "ní nǹkan bí" ni ó lò. Má ṣe dá ọdún tàbí iye sílẹ̀ láti inú ara rẹ. Olùyẹ̀wò lè dárí jì ọ́ bí o kò bá kọ iye òkú, ṣùgbọ́n kò ní dárí jì ọ́ bí o bá pa irọ́ mọ́ òkú.

6. Òǹkọ̀wé dá ìjọba lẹ́bi láìbú ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tí a ṣe, ohun tí a kò ṣe, àti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èyí lágbára ju èébú lọ.

Ẹ. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ kókó ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àwòkọ́ṣe òkè yìí.

2. Tún gbólóhùn mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní abala A kọ, kí ó di ìpínrọ̀ oníṣípayá kan. Lo "nítorí pé" àti "ì bá" ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

3. Lọ wo odò tàbí ojú àgbàrá kan ní àdúgbò rẹ. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan bí ó ti rí ní ìgbà èwe rẹ̀. Kọ ìpínrọ̀ méjì lórí ohun tí ó yí padà, àti ìpinnu ẹni tí ó yí i padà.

4. Ṣe ìlapa èrò fún ọ̀kan nínú àwọn orí-ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí o tó kọ àròkọ lé e lórí:
(a) Ìdí tí ọjà kan ní ìlú mi fi gbilẹ̀ tí òmíràn sì fi tú.
(b) Ó sàn kí á dènà ìjàǹbá ju kí á máa ṣèrànwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ.
(d) Ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ wò kí ó tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.